Àwọn Ọmọ Òyìnbó ń Fi Yìnyín Sílẹ̀ Lọ Kẹ́kọ̀ọ́ ní Costa Rica, Àwọn Ọmọ Nàìjíríà ń Sáré Lọ Sínú Yìnyín

Lóde òní, bí wọ́n bá ní ọmọ ẹnì kan ń lọ kàwé lókè òkun, ibi tí ọkàn aládùúgbò yóò kọ́kọ́ sáré lọ kò pọ̀: ìlú ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà, Kánádà, bóyá Jámánì. Àwọn ìdílé kan ti ta ilẹ̀ baba wọn, àwọn mìíràn ti ta ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, kí ọmọ wọn ṣáà lè dé ibi tí yìnyín ti ń bọ́. Kò sí ẹni tó lè dá wọn lẹ́bi, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í sábà bi ara wọn. Bí ọmọ bá fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá oko àlìkámà, tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilẹ̀ tí òtútù ń sé gan-an fún oṣù mẹ́rin lọ́dún, kí ni yóò fi ìmọ̀ náà ṣe nígbà tó bá padà dé Ìdànrè, tàbí Ìkirè, tàbí ìlú Ìkọm lọ́hùn-ún, níbi tí òjò ti ń wọ́ ilẹ̀ lọ, tí àrùn sì ń pa kòkó lórí igi?

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn ọmọ òyìnbó fúnra wọn ti mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí tipẹ́. Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Amẹ́ríkà ń wọ bàlúù lọ sí orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ń jẹ́ Costa Rica, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà méjèèjì. Wọn kò wá góòlù lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe etíkun nìkan ni wọ́n ń wá lọ. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń wá lọ: bí ènìyàn ṣe lè jẹun lórí ilẹ̀ olóoru, kí ilẹ̀ náà má sì bàjẹ́ mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdàgbàsókè alálòpẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé sọ ọ́ ní Yorùbá.

Orúkọ náà lè le létí, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ kankan. Ní 1987, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀, èyí tí Gro Harlem Brundtland tó jẹ́ olórí ìjọba Norway nígbà náà ṣe alága fún, là á sílẹ̀ pé ìdàgbàsókè gidi ni èyí tó tán àìní àwọn tó wà láyé lónìí láìdí ọ̀nà àtijẹ mọ́ àwọn tí a kò tíì bí. Àwọn baba wa kò dúró de ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Bó ti wù kí ìyàn mú tó, àgbẹ̀ tó gbọ́n kì í jẹ èbù isu rẹ̀. Ohun tó ku ni bí odidi orílẹ̀-èdè yóò ṣe pa èbù tirẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni Costa Rica ti di iléẹ̀kọ́ fún aráyé.

ILẸ̀ KÉKERÉ, ỌGBỌ́N ŃLÁ

Costa Rica kò tóbi. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 51,100 kìlómítà níbùú-lóòró lọ, bí wọ́n bá sì kó ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà jọ, wọn yóò gbé e mì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Wọn kò ní epo rọ̀bì tí wọ́n ń wà. Kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣọrọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó fi ìrìn-àjò afẹ́ àti ṣíṣe irinṣẹ́ ìwòsàn kún un.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, 1948, lẹ́yìn ogun abẹ́lé kan tó jà wọ́n lọ́dún náà, José Figueres Ferrer tó ń ṣàkóso ìlú kéde pé àwọn kò ní ọmọ ogun mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Owó tí à bá fi ra ìbọn di owó tí wọ́n lè ná sórí iléèwé àti ilé ìwòsàn. Ní 1949 yìí kan náà ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba sílẹ̀. Agbára omi ni wọ́n gbójú lé ní pàtàkì. Nígbà tó yá, wọ́n fi ooru abẹ́ ilẹ̀ tó wà nítòsí àwọn òkè oníná àti afẹ́fẹ́ kún un. Láti 2015 títí di 2022, ó lé ní 98 nínú 100 iná tí wọ́n ń tàn lọ́dọọdún tó jẹ́ pé láti inú omi, ooru ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti irú wọn ló ti wá.

ILÉÈWÉ TÍ A TI Ń KÓ BỌ́TỌ KÍ A TÓ GBA OYÈ

Àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní Costa Rica ju ẹyọ kan lọ. Ní ìlú Atenas, iléèwé àwọn ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ School for Field Studies ní ibùdó kan tó ń kó àwọn ọmọ yunifásítì ilẹ̀ wọn wá kọ́ nípa oko, omi àti igbó. Nítòsí Ciudad Colón, Yunifásítì Àlàáfíà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi àṣẹ dá sílẹ̀ ní 1980 ń kọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún oyè ẹ̀kọ́ gíga, ọ̀rọ̀ àyíká àti ìdàgbàsókè sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Àmọ́ èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà jù lọ ni Yunifásítì EARTH, tó wà ní Guácimo, ní ìpínlẹ̀ Limón, lápá ibi tí òjò ti ń rọ̀ gan-an ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Ní 1986 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Costa Rica fi òfin gbé e kalẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà àti àjọ W. K. Kellogg sì kó owó sílẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1990 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé. José Zaglul ló jẹ́ olórí rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì di ipò náà mú fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń lò níbẹ̀ fún oyè ìmọ̀ ọ̀gbìn. Láti ilẹ̀ Latin Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù Caribbean àti Áfíríkà ni wọ́n ti ń wá, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ abúlé àti ọmọ tálákà tí àwọn àjọ olówó ń ràn lọ́wọ́. Ní 2012, àjọ Mastercard Foundation bá iléèwé náà ṣe àdéhùn láti máa sanwó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ aláìní, tí àwọn ọmọ Áfíríkà sì wà lára wọn.

Ẹni tó bá rò pé yàrá ìkàwé nìkan ni wọ́n ń jókòó sí níbẹ̀ yóò tan ara rẹ̀ jẹ. Ìwé wà, oko náà sì wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ bàtà òjò, yóò mú àdá, yóò kọjá sínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò tún dé ilé ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù. Òbí Nàìjíríà mìíràn yóò lanu bó bá gbọ́: “Ṣé kí o lè kó bọ́tọ màlúù ni mo ṣe rán ọ kọjá òkun?” Ṣùgbọ́n bọ́tọ yẹn gan-an lẹ̀kọ́ wà. Wọn yóò pò ó mọ́ omi, wọn yóò dà á sínú àpò ọ̀rá gígùn kan tí wọ́n tẹ́ sínú kòtò, tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín tí ojú kò lè rí yóò máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, gáàsì yóò sì máa jáde, èyí tí wọ́n ń gbà sínú rọ́bà láti fi dáná. Omi tó bá ti apá kejì jáde ti di ajílẹ̀. Èyí tó kù wọn yóò darí sínú adágún omi tí wọ́n gbin irú ewéko tó ń léfòó sí, kí ó lè mu ìdọ̀tí inú rẹ̀ kí omi náà tó padà sódò. Ewéko yìí náà ló dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja ní ọ̀sà Èkó àti ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí wọ́n ń pè é ní ọ̀tá. Ohun tó ń fìyà jẹ apẹja níhìn-ín ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti owó. Láti ọdún kìíní ni wọ́n ti ń pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀wọ́ kékeré. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ronú iṣẹ́ òwò kan, ìbáà jẹ́ adìẹ sísìn, ewébẹ̀, tàbí sísọ èso di oúnjẹ inú agolo. Iléèwé yóò yá wọn lówó, wọn yóò ṣe òwò náà fún bí ọdún mẹ́ta, wọn yóò sì dá owó náà padà pẹ̀lú èlé kí wọ́n tó pín èrè. Ẹni tó bá pàdánù kọ́ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí owó kékeré, dípò kó lọ kọ́ ọ lórí gbogbo ohun ìní ìyá rẹ̀.

Ó ṣòro láti rí i kí ìyàtọ̀ sí ti Nàìjíríà má hàn. Àwọn ọmọ ń jáde nínú iléèwé àgbẹ̀ ní Nàìjíríà láìtíì jẹ gbèsè oko rí, láìtíì san án rí. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n mú jáde, ilé-ìfowópamọ́ ni wọ́n sì ń fi í wá iṣẹ́ lọ.

TURRIALBA ÀTI Ọ̀RỌ̀ KÒKÓ

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kòkó, ibi tó yẹ kí ọmọ Yorùbá fetí sí ni Turrialba. Níbẹ̀ ni ilé ìwádìí àti ẹ̀kọ́ gíga kan wà tí ń jẹ́ CATIE. Láti 1942 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀gbìn lórí ilẹ̀ náà. Ní 1973 ni ó wá di CATIE gan-an. Wọ́n ń tọ́jú oríṣiríṣi irú kòkó àti kọfí tí wọ́n kó láti ibi púpọ̀ láyé síbẹ̀, kí irúgbìn wọn má baà parun.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì rèé. Ní 1978, àrùn kan tí wọ́n ń pè ní monilia wọ oko kòkó Costa Rica. Ó máa ń mú kí èso kòkó wú, kí ó rà, lẹ́yìn náà ni ohun funfun bí eérú yóò bò ó. Láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ kòkó tí wọ́n ń kó ní Limón ti lọ, àwọn àgbẹ̀ sì fi oko sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ Turrialba kò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi igi tó lè kojú àrùn náà pọ̀ mọ́ èyí tó ń so dáadáa, wọ́n ń dúró de ọdún, wọ́n ń ká, wọ́n ń wọ̀n. Ní 2007 ni wọ́n tó lè fa irú kòkó mẹ́fà lé àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, àwọn kan nínú wọn sì gbóyà sí àrùn náà dáadáa. Bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣẹ́ náà gbà kí èso rẹ̀ tó hàn.

Monilia kò tíì dé Áfíríkà. Àrùn tó ń dà èso kòkó dú nígbà òjò ni àgbẹ̀ Oǹdó àti Ọ̀ṣun mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èso kan ṣoṣo láti inú àpò arìnrìn-àjò ni yóò gbé e wọlé, ta ni yóò dá a mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ilé ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, nítòsí Ìbàdàn, tí àwọn onímọ̀ wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ tó bá ti fojú rí àrùn náà, tó ti fọwọ́ kàn án ní Turrialba, ni yóò jẹ́ olùṣọ́ fún àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ewu wà rárá. A kì í dúró dìgbà tí iná bá jó dé àjà kí a tó béèrè ibi tí kànga wà.

EPO Ń SANWÓ FÚN IGBÓ

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti igbó. Ní nǹkan bí 1940, igbó bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ Costa Rica. Lẹ́yìn náà ni òfin tó ka igbó sí ilẹ̀ tí kò wúlò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́: ẹni tó bá gé e ló tún un ṣe, òun ni yóò sì ni ín. Ilé-ìfowópamọ́ ń yá àwọn olówó lówó kí wọ́n fi da màlúù, kí wọ́n lè máa ta ẹran fún Amẹ́ríkà. Ní àárín àwọn ọdún 1980, igbó tó kù kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà lọ.

Lónìí, igbó ti padà bo ohun tó ju ìdajì lọ. Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Àkọ́kọ́, owó ẹran já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé ní àwọn ọdún 1980, àwọn darandaran sì fi pápá sílẹ̀. Ó yẹ kí a sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òfin nìkan ló ṣe é. Èkejì, wọ́n ya igbó púpọ̀ sọ́tọ̀ láti àwọn ọdún 1970, tó fi jẹ́ pé bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà ló wà lábẹ́ ààbò. Ẹ̀kẹta ni òfin igbó ti 1996. Òfin yìí ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ igbó di nǹkan mìíràn mọ́, ìbáà jẹ́ orí ilẹ̀ baba rẹ̀. Àmọ́ wọn kò fi òfin lu onílẹ̀ lásán kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ebi. Láti 1997 ni ìjọba ti ń sanwó fún àwọn onílẹ̀ tó bá dá igbó sí tàbí tó gbin igi, nítorí ohun mẹ́rin tí igbó ń ṣe: ó ń fa èéfín burúkú mọ́ra, ó ń pa omi mọ́, ó ń gba ẹranko àti ewéko là, ó sì ń dùn ún wò. Púpọ̀ nínú owó náà, láti inú owó orí tí wọ́n bù lé epo ọkọ̀ ni ó ti ń wá. Ẹni tó bá wakọ̀, òun náà ló ń bu owó sápò ẹni tó dá igi sí.

Nàìjíríà tó ní epo ṣe òdì-kejì rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba ló ń fi owó ìlú dẹ owó epo lójú, títí di ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 2023, tí wọ́n kéde pé ìrànwọ́ náà ti dópin. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn agégẹdú kò sinmi. Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí UNESCO ti kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì lágbàáyé láti 1977, tí erin ṣì ń gbé inú rẹ̀, ni ayùn àti oko ń jẹ wọ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń gé igi níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Ọmọ ni ó ń bọ́. Kò sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ fún un kó dá igi sí, owó sì wà lórí igi tó bá wó lulẹ̀. Èyí ni ìṣòro tí Costa Rica wá ojútùú sí, òun sì ni ohun tó tọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò, kó wá bi ara rẹ̀ bí a ṣe lè ṣe é ní ibi tí ilẹ̀ ti jẹ́ ti ẹbí, tí kì í ṣe ti ẹnì kan.

OHUN TÍ Ọ̀PẸ̀ ÒYÌNBÓ BÒ MỌ́LẸ̀

Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀run rere ni Costa Rica ti purọ́. Ilẹ̀ Limón tí iléèwé EARTH wà ní ìtàn tó korò. Láti àwọn ọdún 1870 ni wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn dúdú wá láti Jamaica láti wá la ọ̀nà ojú irin tí wọ́n parí ní 1890. Oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ sí lẹ́yìn náà, títí di ìparí àwọn ọdún 1940 ni púpọ̀ nínú wọn kò sì fi jẹ́ ọmọ onílẹ̀ lójú òfin. Ní àwọn ọdún 1970, oògùn apakòkòrò kan tí ń jẹ́ DBCP, tí wọ́n ń dà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ oko di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó gbilẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà tún mú kí oògùn oko wọ inú omi mímu àwọn abúlé kan. Iná wọn pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro: nígbà tí ọ̀dá omi dé ní 2024, àwọn adágún ìdídò gbẹ wálẹ̀, wọ́n sì ní láti fi ẹ̀rọ tó ń mu epo ran ara wọn lọ́wọ́.

Èyí kò dín iyì ẹ̀kọ́ náà kù. Òun gan-an ló jẹ́ kó níye lórí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ sí ìlú tó ti là tán yóò rí àbárèbábọ̀ nìkan, kò ní rí ìjà tó mú un wá. Ní Costa Rica, ìjà náà ń lọ lọ́wọ́ lójú rẹ̀: igbó tó ń padà ní apá kan, oògùn oko ní apá kejì, owó dọ́là láàárín wọn. Ọmọ Nàìjíríà tó bá rí èyí yóò mọ̀ pé kò sí idán nínú ọ̀rọ̀ náà, bí kò ṣe ìpinnu, òfin tó ń ṣiṣẹ́ àti sùúrù ọdún púpọ̀.

ṢÉ ỌMỌ NÀÌJÍRÍÀ LÈ LỌ?

Ó lè lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà náà kò tẹ́ rẹrẹ. Èdè Spanish ni wọ́n fi ń kọ́ni ní EARTH, nítorí náà ọmọ tí kò gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi àkókò kọ́ ọ kí ẹ̀kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ sì ń gún ni. Ẹni tí kò bá rí àjọ tí yóò ràn án lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣírò ọ̀rọ̀ náà dáadáa kó má lọ há sójú ọ̀nà. Bó bá sì parí, yóò mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tó kàwé lókè òkun ṣe ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ dúró lọ́rùn àwọn òbí nìkan. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń fi owó ìlú rán àwọn ọmọ lọ sókè òkun tipẹ́. Bí ìpínlẹ̀ tó ń gbin kòkó bá yan ọmọ mẹ́wàá péré, márùn-ún láti abúlé olóko, tó rán wọn lọ sí Turrialba àti Guácimo, tó sì bá wọn ṣe àdéhùn pé iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n nígbà tí wọ́n bá dé, kò ní ná an tó owó mọ́tò àwọn aṣòfin rẹ̀. Èyí tó ṣe kókó ni iṣẹ́ tó ń dúró yẹn. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń fi bọ́tọ dáná, tó padà wá bá ọ́fíìsì tí kò ní tábìlì, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi wá ọ̀nà Kánádà.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Òtítọ́ ni. Àmọ́ oko tí a ń dé kì í ṣe bákan náà. Oko kan wà tó jẹ́ pé ìran lásán ni a lè wò níbẹ̀, nítorí òjò wọn yàtọ̀, ilẹ̀ wọn yàtọ̀, kòkòrò wọn yàtọ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ pé òjò tó ń pa wọ́n náà ló ń pa wá, igi kan náà ni a jọ ń gbìn, àṣìṣe kan náà ni a sì jọ ṣe. Irú oko bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń jí ọgbọ́n gbé wálé.